Ihò Tí Wọ́n Pè Ní Òkú

Ẹ má sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìkìlọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú jáde, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Àwọn tó máa ń sọ pé ìbínú kò da nǹkan fún ni, pé sùúrù ni baba ìwà, ẹnikẹ́ni kò tíì gba ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ rí ni. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ìyá Alákàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún méjìdínlógójì ló ti fi ń mú akàn nínú ẹrọ̀fọ̀ etí òkun, lórí ilẹ̀ gbalasa tí omi máa ń bò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó sì máa ń fà kúrò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju ti òsì lọ, ó kéré tán bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó ní ihò akàn ló fà á gùn.

Ara ògiri ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́, ó sì dojú kọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ yìí ni ọkọ rẹ̀. Ó fi orí oníbàárà kan sílẹ̀ ní ìdajì, ó sọdá títì, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sáré wálé. Oníbàárà náà sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, nítorí kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé orí tí wọ́n fá ní ìdajì lọ.

"Ìyálé," bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìyàwó kejì, kò sì ní láyà láti ní in, "wọ́n ní ẹrọ̀fọ̀ yín ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. "Wọ́n ní ìwọ ni."

Ìyá Alákàn tẹ̀ lé e dé ibi ògiri, ó sì ní kó kà á sókè. Ọkọ rẹ̀ kà á: "Nínú ihò akàn irínwó ó lé méjìdínlógún tí a yẹ̀ wò, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló ti kú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ibẹ̀ jù lọ ti jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó ṣe gúnmọ́ níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ keje òní, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn bo ilẹ̀ náà láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù."

"Tó ṣe gúnmọ́," ni Ìyá Alákàn wí. "Ta ló kọ ìyẹn? Ṣé òun náà ṣe gúnmọ́?"

"Ìyálé, fara balẹ̀."

Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, oníbàárà olórí ìdajì gbọ́ ọ, ó sì yáa padà lọ jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wàhálà yìí dúró lé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Akàn inú ẹrọ̀fọ̀ kì í gbẹ́ ihò ṣákálá. Ihò rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, yóò yà gẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò wá parí sí yàrá kékeré kan tí omi kì í tán nínú rẹ̀, kódà bí òkun bá fà lọ jìnnà. Bí akàn bá wà nílé tó ń jẹ tó ń mu, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, ipa ẹsẹ̀ á wà níta, ẹrẹ̀ róbótó-róbótó tó kó jáde á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, akàn gbọ́dọ̀ bọ́ ìkarahun àtijọ́ kó tó lè dàgbà. Nígbà náà, yóò fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà láti inú, yóò dán an mọ́nránmọ́nrán, yóò sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìhòòhò ló wà. Ara rẹ̀ á rọ̀ bí ètè ọmọ ọwọ́. Kò lè jà, kò lè sá, kò sì lè gbẹ́ ihò mìíràn. Bí ènìyàn bá ṣí ilé mọ́ ọn lórí lásìkò yẹn, ó parí.

Ihò tó bá dí báyìí ni àwọn obìnrin tó ń mú akàn ń pè ní òkú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì fi ẹnu lásán kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú ihò tó dí wọ̀nyẹn. Ìyá àgbà náà fi èèkù irin tó fi ń fa akàn gbá a lọ́wọ́, ìka náà sì wú fún ọjọ́ mẹ́ta. "Òkú ni! A kì í hú òkú!" Odidi ọdún mẹ́fà ni ọmọ yìí fi gbà pé òkú ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, tó sì ń yí ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é, tó fẹnu sí i létí. Ó ní àwọn ilé oúnjẹ ńlá ń wá akàn rírọ̀ lójú méjèèjì. Ó ní bí a bá sọ pé akàn ń bọ́ aṣọ, olójúkòkòrò á ní òun fẹ́ wo ìhòòhò rẹ̀, kí ọdún méjì sì tó pé, kò ní sí akàn kankan mọ́. "Òkú la pè é. Ta ló máa fi ọwọ́ kan òkú?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ṣọ́ ẹrọ̀fọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn obìnrin méjìlá tó kù lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sí èyí tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé jáde yìí ni onígbàjámọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

"Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń gbé," ló wí, "o sì pa á mọ́ fún mi?"

"Ìwọ tí ò ń fá irun? Ọ̀rọ̀ wo ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ rí tí kò jáde kí irun tó gbẹ?"

Òótọ́ ni.

Ohun tó ń dun Ìyá Alákàn jù ni pé irọ́ kọ́ ni ìwé náà pa. Ó sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìgbìmọ̀ rán ọmọbìnrin kan wá láti ka ihò. Akọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é nítorí ìwé tó máa ń gbé mọ́yà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀ ọ́n kí ènìyàn, kò sì mọ ẹrọ̀fọ̀ rárá. Ìṣísẹ̀ kẹrin ló ti rì dé orúnkún. Ìyá Alákàn ló fà á yọ, ló fọ bàtà rẹ̀, ló wá pátákó fún un láti máa dúró lé. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Wọ́n fi okùn wọn abala kan, wọ́n sì ń lọ láti ihò dé ihò, àsíá kéékèèké méjì lọ́wọ́ ọmọ náà: funfun fún alààyè, pupa fún òkú.

"Ìyá, èyí ńkọ́?"

"Ó wà láàyè."

"Èyí ńkọ́?"

"Èyí ti kú."

"Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn?"

"Òkú ni."

Ìgbà tí àkókò bíbọ́ ìkarahun dé gan-an ni, nítorí náà òkú pọ̀. Nígbà tí àsíá pupa ti kún ilẹ̀, Akọ̀wé dúró, ó wò yíká, ó sì bi í pé, "Ìyá, ṣé wọ́n kú lóòótọ́?" Ó yẹ kí Ìyá Alákàn dákẹ́ níbẹ̀, kó rò ó. Ṣùgbọ́n àlejò ni ọmọ yìí, ará ọ́fíìsì sì ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òkú tún ní ti irọ́ ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ti Ìyá Alákàn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó pa ẹnu mọ́. Pípa tó pa á mọ́ gan-an ló kó bá a.

Ọjọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá. Ó jókòó láti aago mẹ́jọ títí di aago méjìlá. Lójú fèrèsé, ó ń wo bí omi ṣe ń fà lọ láìsí òun nínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń wo bàtà rọ́bà rẹ̀. Nígbà tí Akọ̀wé yọjú, tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Dìde. Má kí mi. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ bí Ìyá Alákàn ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, títí kan òkú tí kò ní ti irọ́.

Ìbínú wá di méjì lọ́rùn rẹ̀. Ó bínú sí ìgbìmọ̀, ó sì bínú sí ara rẹ̀, kò wá mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ fi lu ògiri. Ó fa ọmọ náà wọnú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó bà jẹ́ sí, ó sì sọ ohun tí ìyá àgbà sọ fún un lọ́jọ́sí. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ará ọ́fíìsì láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti wà. Ó ń sọ ọ́, ó ń wo ẹ̀yìn bí olè.

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá, ìwé náà ti kúrò lọ́wọ́ mi o. Ọwọ́ Alága ló wà."

Alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, gbà wọ́n wọlé. Ìyá Alákàn dúró. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo àwọn ihò yẹn á ṣí. Àwọn òkú yẹn á jáde."

"Ìyá," ni Alága wí, ẹ̀rín ti gbé e, "àwọn òkú á jáde? Ṣé a máa se oúnjẹ dè wọ́n ni?" Àwọn tó wà nínú yàrá rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ kẹfà òní ni tirélà iyanrìn ń bọ̀. Bí ohun kan bá wà láàyè níbẹ̀, ẹ fi hàn mí. Ọ̀la, bí omi bá ti fà, mà á wá. Ohun tí mo bá fojú rí ni mà á gbàgbọ́."

Ìyá Alákàn wò ó. Ọkùnrin yìí kò mọ bí ohun tó ní kó ṣe ti wúwo tó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti fi akàn tó ń bọ́ ìkarahun han ènìyàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà kò jẹun. Ọkọ rẹ̀ gbé àwo síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. "Bó bá ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ máa ṣí," ló wí níkẹyìn, "ṣebí àwọn tó kù á yè?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá ń bí ọ nínú tó báyìí?"

"Pé mo mọ̀!" ló kígbe mọ́ ọn. Onígbàjámọ̀ gbé àwo náà lọ sí ilé ìdáná, ó sì jẹ ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Alága dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà tuntun, Akọ̀wé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin méjìlá náà ti wà ní etí ẹrọ̀fọ̀. Kò sí èyí tó kí i. Wọ́n mọ ohun tí Ìyá Alákàn fẹ́ ṣe, méjì nínú wọn sì ti kọ ẹ̀yìn sí i tẹ́lẹ̀. Àwọn àsíá pupa wà níbi tí wọ́n wà, omi ti gbé díẹ̀ nínú wọn wọ́. Àwọn ẹyẹ funfun etí omi ń rìn káàkiri, wọ́n ń ṣọ́ra wọn.

Ìyá Alákàn kúnlẹ̀ níwájú àsíá àkọ́kọ́. Ó yí apá aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká. Irin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ìka tẹ ìdérí ẹrẹ̀ tó dán náà. Ìka kan náà tí wọ́n gbá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó já a.

Ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, ó yà sí òsì, ó dé inú omi tútù tó wà ní yàrá. Ó bá a níbẹ̀. Akàn tó wà nílé máa ń jà, ó máa ń fi èékánná rẹ̀ fún ènìyàn lọ́wọ́ pinpin. Èyí kò jà. Ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń dúró de ẹnì kan, kì í sì í ṣe òun. Bó ṣe fà á bọ̀, ẹrẹ̀ ya lulẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ihò náà sì wó pa.

Ó nà án sí Alága. Awọ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rí ohun tó ń lù kìkì nínú àyà rẹ̀.

Alága kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ó ń mí o," ló wí. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó wo gbogbo àsíá pupa náà. "Ṣùgbọ́n ọ̀kan nìyí. Ọ̀kan kò lè jẹ́rìí fún ọ̀ọ́dúnrún. Ìyá, ẹ má bínú, èmi ni mà á yan èyí tó kàn."

Ẹ gbọ́ o, ó ní kó má bínú! Ọkùnrin náà nàka sí èyí tó wà lápá òsì, ó nàka sí èyí tó wà létí omi, ó nàka sí méjì tó wà láàárín. Ìyá Alákàn ń lọ láti ọ̀kan dé ọ̀kan lórí eékún, ó ń mí gule-gule. Márùn-ún. Ó tò wọ́n sórí pátákó tó wá fún Akọ̀wé lọ́jọ́ tó fà á yọ. Oòrùn ti le. Èyí tó kọ́kọ́ mú ti ń gbẹ, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Alága mí kanlẹ̀. "Ó tó. Ó tó, Ìyá. Mo ti rí i." Ó yíjú sí Akọ̀wé, ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun dá iṣẹ́ náà dúró, pé tirélà kankan kò gbọ́dọ̀ wá títí àwọn ihò yẹn yóò fi ṣí fúnra wọn, tí wọ́n á sì tún wọn kà. Àwọn obìnrin tó wà létí ẹrọ̀fọ̀ gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò rí ẹni bá a ṣe é, ó sì dáwọ́ dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ gan-an," ni Alága wí, ara rẹ̀ ti wá balẹ̀. "Ó yá, ẹ dá wọn padà sílé wọn."

"Ilé wo?" ni Ìyá Alákàn bi í.

Alága wo àwọn ihò tó ti ya lulẹ̀.

"Mo ní, ilé wo? Ẹ fi hàn mí. Ṣebí ohun tí ẹ bá fojú rí lẹ máa ń gbàgbọ́?" Ohùn rẹ̀ ti ń ga, kò sì wá ọ̀nà láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Láti ọdún wo ni mo ti ń kúnlẹ̀ níbí! Mi ò ṣí òkú kan ṣoṣo rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé inú sàréè láìṣí ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Kò sẹ́ni tó sọ pé kó fara balẹ̀. Alága gbé ẹsẹ̀ kan, ẹrọ̀fọ̀ sì gba bàtà tuntun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá dúró pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á yọ.

Ìyá Alákàn dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àsíá pupa tu, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń kó wọn sí abẹ́ abíyá. Àwọn obìnrin yòókù wọnú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n ń bá a tu ú, títí kan àwọn méjì tó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tu ọ̀ọ́dúnrún ó lé méje tán. Wọ́n fi márùn-ún sílẹ̀.

Akọ̀wé ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, kálàmù lọ́wọ́, omijé ń bọ́ sórí ìwé. Ó ń fi ọwọ́ kejì lé àwọn ẹyẹ.

"Kọ̀wé," ni Ìyá Alákàn sọ fún un. "O bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn bóyá wọ́n kú lóòótọ́, mo sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ó yá, bi mí báyìí."

Ọmọ náà fi apá aṣọ nu omijé kúrò lójú ìwé.

"Márùn-ún," ni Ìyá Alákàn wí. "Márùn-ún ló kú. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo pa wọ́n."